Okùn Pósí Torquil

Ní Greenock tiwa níbí, ní ilẹ̀ Scotland, ojú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú la fi ń wo ọkùnrin tó bá ń kọ̀wé nípa àwọn tó ń gbé inú ìràwọ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Torquil Rennie fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ, nínú yàrá tí òjò ń jò sí. Àwọn ará Poland ń kà á ní èdè wọn. Àwa ńkọ́? A ò rà á.

Bó bá wọ ilé ọtí, Dougal Haddow alápatà á pariwo: “Torquil, ìgbà wo lo máa kọ ìwé gidi? Àbí àwọn ará inú ìràwọ̀ ló ń bọ́ ẹ ni?” Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Torquil á gbé ọtí rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀.

Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Nígbà tí Torquil kú, bí ìwé ìròyìn Glasgow ṣe yìn ín ni gbogbo ìlú di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹbí àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ nìkan ló ń di okùn tí a fi ń sọ pósí kalẹ̀ sínú ibojì. Aláìnítìjú Dougal wá bá Isobel, opó Torquil, létí ibojì.

“Isobel, jọ̀ọ́, fún mi lókùn kan. Gbogbo ìwé ọ̀rẹ́ mi ni mo kà.”

Isobel fún un ní okùn apá ẹsẹ̀.

“Dì í mú dáadáa o, Dougal. Nínú gbogbo nǹkan Torquil, èyí ni àkọ́kọ́ tó o máa fọwọ́ kàn.”