Obìnrin Tó Jókòó Létí Fèrèsé Kóòṣì Alhaji

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí nínú ọkọ̀ ojú irin. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ojú irin, ní Ṣakí níbí tí kò sí réluwéè!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Alhaji kan tó ní oko lọ́nà Àgọ́-Àrẹ ló ra kóòṣì àtijọ́ kan, ìyẹn yàrá èrò ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n pa tì sínú koríko nítòsí Ìlọrin. Tírélà ló gbé e wá. Irú rẹ̀ ló ń kó èrò láti Èkó dé Kánò láyé ọjọ́un. Alhaji fẹ́ tún un ṣe kí àlejò lè máa sinmi nínú rẹ̀, èmi káfíńtà ló sì gbéṣẹ́ fún.

Mo ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, igi gidi ló yọ lábẹ́ ẹ̀! Mo pààrọ̀ pákó ilẹ̀, mo tún àwọn ìjókòó kàn. Àmọ́ ọ̀kan wà létí fèrèsé. Tí mo bá nù ún tán, kí n tó yíjú padà, omi á ti wà lórí ẹ̀. Nínú ọyẹ́ o, tí ètè gbogbo wa ń bẹ́!

Múfú tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé òrùlé ló ń jò. Òjò wo ló rọ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alhaji mú màmá ẹ̀ wá wo iṣẹ́. Màmá ti ṣòwò obì dé Kánò rí. Bí wọ́n ṣe wọlé, wọ́n dúró gbagidi, wọ́n kọjú sí ìjókòó yẹn.

“Ẹ kú ìjókòó o.”

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀!

“Ta lẹ̀ ń kí, Màmá?” Alhaji ló béèrè.

“Ìyá rẹ ni.”

Alhaji rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí Màmá nìyá òun. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Nígbà tí wọ́n ń ti Kánò bọ̀, obìnrin kan tó jókòó létí fèrèsé bímọ kí ọkọ̀ tó dé Jẹ́bà. Ọmọ yè, ìyá ò yè. Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ fi omi mímu wẹ ọmọ. Wọ́n gbé òkú sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀, wọn ò rí ẹbí kankan. Màmá tí kò tíì bímọ pọn ọmọ náà wálé, wọn ò sì sọ fẹ́nì kan.

Mo bi wọ́n bóyá kóòṣì yìí gan-an ni. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, gbogbo kóòṣì ló jọra. Ojú obìnrin náà làwọn mọ̀.

Alhaji lọ jókòó síbẹ̀, nínú omi yẹn, pẹ̀lú agbádá funfun. Ó yíjú sí Màmá.

“Kí lorúkọ wọn?”

Màmá bú sẹ́kún. Wọ́n ní àwọn àti obìnrin náà jọ jẹun, àwọn jọ sọ̀rọ̀ láti Kánò, àwọn ò sì béèrè orúkọ.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹ bi àwọn àgbà yín ní ìbéèrè nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ kọ ọ́ síbí. Ẹni tẹ́ ẹ jọ wọkọ̀ gbẹ̀yìn ńkọ́, ṣé ẹ mọ orúkọ ẹ̀?