Ẹja Àrọ̀ Tó Jẹ Balógun

Nùsírátù kì í jà. Ọmọ Ìkàtè Ẹlẹ́gùṣì ni, ọmọ àwọn tó ti ń dẹ àwọ̀n kí títì márosẹ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá, jẹ́jẹ́ ló sì máa ń rìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn máa bẹ̀rù. Aláriwo á pariwo tán, á lọ jẹun. Nùsírátù á di tirẹ̀ sínú, kò sì ní í tú u.

Akínwálé ọkọ rẹ̀ ló ń lẹ táìlì káàkiri Lẹ́kkí. Ilé kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Phase 1 ni wọ́n ti fún un ní ẹja pupa kékeré kan nínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀. Bẹ́tà ni wọ́n ń pe irú ẹja yẹn. Oníjà ni, akọ rẹ̀ méjì kì í gbé inú omi kan náà. Lẹbẹ rẹ̀ gùn, ó ń wọ́ tẹ̀lé e bí agbádá, ni Akínwálé bá sọ ọ́ ní Balógun. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tí á ti mú dígí, á gbé e síwájú ìgò. Balógun á rò pé ọ̀tá dé, á fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, á na gbogbo lẹbẹ. Akínwálé á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àìsàn àyà ló pa Akínwálé. Oyinkọ́lá ọmọ wọn ti wà nílé ọkọ, Nùsírátù nìkan ló sì kù nínú yàrá àti pálọ̀ tí wọ́n háyà ní Abraham Adésànyà, lọ́nà Ajah. Òun àti Balógun. Omi bọrẹ́hóò Ajah ń rùn bí irin, nítorí náà ó máa ń pọn ọ́n sínú ike lówùúrọ̀, á jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì, kó tó bu ojú rẹ̀ tó mọ́ sínú ìgò. Lẹ́yìn náà á mú dígí. Bí Balógun bá ti fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó máa ń dà bíi pé Akínwálé fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn òun.

Rẹ̀míláyọ̀ ni wọ́n jọ ń gbé ọgbà. Ẹja àrọ̀ láàyè ló ń tà lẹ́nu géètì. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ló kàn máa ń ṣáájú orí rẹ̀ dé ibi gbogbo. Nígbà tí sàráà ẹbí gbé Nùsírátù lọ sí Ìkàtè, òun ló gbé kọ́kọ́rọ́ fún. Ó ní kó ju oúnjẹ sí Balógun láràárọ̀, kó má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Nùsírátù dé, ó yọjú wo ìgò, ẹja dúdú onírungbọ̀n ló bá níbẹ̀. Balógun kò sí. Èyí tó kù nínú rẹ̀ kò ju wẹ́wẹ́ lẹbẹ pupa kan tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò.

Rẹ̀míláyọ̀ ní, "Ìyá Oyin, ó dá wà ni, àánú rẹ̀ ṣe mí. Tèmi kì í dá gbé. Mo bá fi ọmọ àrọ̀ kan sí i kó lè rí ẹni bá ṣeré." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ẹja ló jẹ ẹja o. Kì í kúkú ṣe èèyàn ló kú."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún opó. Kò sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Kò kúnlẹ̀. Ká ní ó ní "ẹ má bínú" lásán, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ó sì ti gbàgbé kí ọjọ́ tó kanrí. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Rẹ̀míláyọ̀ fẹ́ mú ẹja rẹ̀ padà. Nùsírátù ní kó fi í sílẹ̀. Ó gbé e sínú bàsíà, ó sọ ọ́ ní Ọ̀daràn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ. Omi tó máa ń sinmi nítorí Balógun, Ọ̀daràn ló ń sinmi fún báyìí. Ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń fi ìfun adìẹ kún un, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀. "Jẹun, olè. Sanra. Ẹni tó mú ọ wá ni yóò jẹ ọ́." Inú rẹ̀ ń dùn tó bá rí i bó ṣe ń gùn. Nígbà tí bàsíà kò gbà á mọ́, ó ra àgbá ńlá tí wọ́n gé sí méjì, ó gbé e sẹ́yìnkùlé. Tó bá ti gbọ́ ìró bàtà Nùsírátù, Ọ̀daràn á gbé orí sókè, á ya ẹnu. Nùsírátù á ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Àyájọ́ ọjọ́ tí Akínwálé kú pé. Nùsírátù pe Rẹ̀míláyọ̀ wá sẹ́yìnkùlé, ó ní kó bá òun pa ẹja kan, kó sì wá jẹun lọ́sàn-án. Ó ki ọwọ́ bọ omi láti mú un. Ọ̀daràn kò sá. Ó fúnra rẹ̀ wọ inú ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń retí oúnjẹ. Ọwọ́ Nùsírátù dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e fún Rẹ̀míláyọ̀, tí ìyẹn da iyọ̀ lé e lórí, tó sì dé e mọ́lẹ̀.

"Ó mà sanra o, Ìyá Oyin. Kí lẹ fi ń bọ́ ọ?"

"Sùúrù ni."

Ọbẹ̀ ata tí Nùsírátù fi ẹja náà sè ta, ó dùn. Orí ẹja ló bù fún Rẹ̀míláyọ̀. Ó jẹ́ kó fa eegun mu, kó lá ìka, kó tó sọ̀rọ̀.

"Rẹ̀mí, ọmọ àrọ̀ tí o fi bá ọkọ mi ṣeré nìyẹn."

Rẹ̀míláyọ̀ kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wí. Ó wo ojú ògiri, ó rí fọ́tò Akínwálé, ó rí dígí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò tó ṣófo. Ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí táìlì tí Akínwálé fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ.

"Ẹ má bínú, mà. Ojú ló tì mí lọ́jọ́ náà, ni mo ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́."

Ohun tí Nùsírátù ti ń retí rèé. Ohun tí ẹni tí wọ́n bẹ̀ máa ń wí kò sì ju "ó ti tán" lọ. Ó dùn mọ́ ọn láti má sọ ọ́. "Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì kó abọ́ kúrò níwájú rẹ̀.

Ó sùn dáadáa. Lówùúrọ̀, ó jí, ó pọn omi sínú ike, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó sinmi, ó mú oúnjẹ lọ sẹ́yìnkùlé. Ìgbà tó dé etí àgbá náà ló tó rántí. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ ẹja lọ́wọ́, inú ṣì ń bí i, kò sì rí ẹni tí yóò pè ní olè.