Ojú Omi tí Ìyá Mi Là

Òórùn àgùntàn tí òjò pa ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Òkè-Ògbò. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn yẹn, Ìyá mi ló ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ìyá tó bí i ló fi àwọn àgùntàn náà sílẹ̀ fún un. Kò ní ogún mìíràn. Ẹ̀yìnkùlé wa tó lọ dé etí odò ni wọ́n ti ń jẹ̀, àmọ́ a ti pa ibẹ̀ tì. Koríko àbàtà ti gbà á, gbọọrọ, ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tí ẹran kì í fẹnu kàn. Ìyá mi á ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Ni ebi bá lé àwọn àgùntàn wọ oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò. Inú bí Bàbá mi gan-an. Ó ní bí koríko gidi ò bá hù níbẹ̀ kí Iléyá tó dé, òun á kó gbogbo wọn lọ sọ́jà.

Òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ finá sí i, bí àgbẹ̀ ṣe ń jó oko. Háà, koríko burúkú! Òjò kan péré, ó tún yọ, ó tutù yọ̀yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Bàbá Ṣadé, iná ò rí tiẹ̀ ṣe," ni Ìyá mi wí. "Omi ni ìyá ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lé ìyá ẹ̀ lọ ná."

Ó gbé ọkọ́, ó la ojú omi tí omi á máa gbà ṣàn láti àárín ilẹ̀ dé odò. Èmi ń fi igbá kó ẹrẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń gbẹ, ó ń bẹ́ koríko náà kó tó yọ òdòdó, ó ń da eérú ààrò àti ìgbẹ́ àgùntàn sí i, ó sì fọ́n irúgbìn eéran, koríko tí ẹran fẹ́ràn. Ẹrẹ̀ á mù mí dé orúnkún, a ó máa rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn wá. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn o!

Kí Iléyá tó dé, eéran ti bo ilẹ̀. Bàbá wò ó títí, kò fọwọ́ kan àgùntàn kankan mọ́. Àgbò tó rà lọ́jà ló pa lọ́dún náà.

Ìyá mi ti lọ báyìí. Láti ìgbà tí a ti sin ín, kò sẹ́ni tó dé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, koríko àbàtà ti gbà á padà, ojú omi ti dí pátápátá. Mo bọ́ bàtà iṣẹ́ mi sílẹ̀. Mo gbé ọkọ́ rẹ̀, èyí tí mi ò lè dá gbé nígbà yẹn. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo wa ẹrẹ̀ títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Mo yíjú sẹ́yìn pé kí n pè é kó wá wò ó.