Fótò Olè Ọsàn Bàbá Mi

Ẹni tó bá sọ fún yín pé fótò òru rọrùn láti yà, irọ́ ló ń pa, ẹ sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Onífótò ni mí ní Fìdítì nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba ìbílẹ̀ wá sí Jóbẹ̀lẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ fótò fúnra mi, mo sì ní ẹnu. Ẹnu yìí ló kó mi sí wàhálà.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní igi ọsàn kan lẹ́yìn ilé. Ní Fìdítì, níbi tí ọsàn pọ̀ débi pé ewúrẹ́ gan-an ń ṣa èyí tó wù ú jẹ, igi ọsàn kan ṣoṣo kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní tàwọn yàtọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ni wọ́n ti gbà á ní kékeré, wọ́n pọn omi fún un ju bí wọ́n ṣe wẹ̀ fún èmi lọ, wọ́n sì ti pinnu pé èso rẹ̀ làwọn máa gbé lọ pàtẹ ní Jóbẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ tí àwọn àgbẹ̀ bá ń fi irè oko wọn hàn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já a. Bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé láyé ọjọ́sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi pàṣán ka ọsàn náà láràárọ̀.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ báyìí ni ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ọkàn bàbá mi kò lọ síbòmíràn, ọ̀dọ̀ Alájì ló lọ tààrà.

Alájì yìí ni aládùúgbò wa, bíríkìlà ni, ọgbà kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa. Láti kékeré ni òun àti bàbá mi ti ń ṣọ̀rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n á máa gbọ́ ìròyìn, wọ́n á máa bú ìjọba. Alájì ló ni rédíò, bàbá mi ló ni bátìrì. Kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ìròyìn láìsí ìkejì rẹ̀, ó sì tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí bàbá mi gba orí ọgbà nahùn sí i, Alájì ya ẹnu, kò lè pa á dé. "Tíṣà, èmi? Èmi tí mo wà lẹ́nu ààwẹ̀?"

"Ọ̀sán lo ń gba ààwẹ̀," ni bàbá mi wí. "Òru ni wọ́n ń jí i."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Bàbá mi yọ bátìrì wọn, Alájì gbé rédíò rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Alájì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú rédíò tí kò sọ̀rọ̀, bàbá mi á jókòó sí tiwa pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin nínú àpò. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí, inú sì bí mi. Ó wá burú sí i nígbà tí bàbá mi búra pé bí àwọn bá rí ẹ̀rí dì mú kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, iwájú mọ́ṣáláṣí làwọn máa gbé e lọ, kí gbogbo ìlú lè mọ ẹni tí Alájì jẹ́.

Ìyá mi ní, "Nítorí ọsàn?"

Bàbá mi ní, "Olè ni olè ń jẹ́."

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti yọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá ya olè náà fún yín." Lọ́kàn mi, mo mọ̀ pé Alájì kọ́, fótò ló sì máa gbà á sílẹ̀.

Mo ta okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdí igi. Bí ẹsẹ̀ bá kàn án, á fa ìṣó kan yọ, pákó kékeré kan á já lu bọ́tìnnì kámẹ́rà, fíláàṣì á sì kọ mànà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè ya fótò lóru kan. Bátìrì rédíò ni bàbá mi fún mi kì sínú fíláàṣì náà.

Lóru àkọ́kọ́, ẹ̀rù pé kí wọ́n má jí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ bà mí, mo gbé e sínú yàrá mi, ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé. Àṣìṣe gbáà! Gíláàsì dá ìmọ́lẹ̀ padà sí mi. Ohun tó jáde nínú fótò ni funfun ràbàtà kan bí òṣùpá, àti ṣòkòtò mi tí mo fi kọ́ ìṣó.

Bàbá mi wò ó títí. "Ṣòkòtò ta nìyí?"

"Tèmi ni, Bàbá."

"Ìwọ ni olè náà?"

Lóru kejì, mo gbé e síta. Ewé ọsàn kan tó wà nítòsí ojú kámẹ́rà gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà sára, ó funfun báláú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Lóru kẹta, ìrì sẹ̀ bo ojú kámẹ́rà. Gbogbo rẹ̀ rí bí èéfín, àfi ojú méjì tó ń tàn yanran láàárín rẹ̀. Bàbá mi fò sókè.

"Òun nìyí!"

"Bàbá, ewúrẹ́ ni."

"Ewúrẹ́ wo? Láti kékeré ni mo ti ń wo ojú yìí!"

Nínú ilé ìdáná, ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Bẹ́ẹ̀ ọsàn ń dín lójoojúmọ́. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo tó mọ ìdí tó fi jẹ́ ewúrẹ́ nìkan ló ń tẹ okùn mi, tí olè kò tẹ̀ ẹ́. Mo ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti òpópónà: "Ẹ gbọ́ o! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ìdí igi ọsàn kọjá o! Kámẹ́rà ọmọ mi wà níbẹ̀! Okùn wà láti ìdí igi dé ilé adìyẹ!" Ṣé ẹ rí ayé mi? Alaalẹ́ ni wọ́n ń kéde bẹ́ẹ̀, kí ará ilé má baà fọ́ kámẹ́rà olówó iyebíye. Gbogbo àdúgbò ló mọ ibi tí mo dẹ pańpẹ́ sí.

Lóru ọjọ́ náà, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo tú gbogbo rẹ̀ kúrò ní ìdí igi, mo gbé e lọ síbi tí ọgbà àárín ilé wa àti ti Alájì ti ya, nítorí olè lè gba ibikíbi dé ìdí igi, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ Alájì ni ọsàn ń lọ, ibẹ̀ ló máa gbà. Mo gé gbogbo ewé tó sún mọ́ kámẹ́rà. Mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì gbígbẹ nu ojú rẹ̀, mo fi páálí ṣe ìbòrí fún un nítorí ìrì. Mo yọ fíláàṣì kúrò lórí rẹ̀, mo fi wáyà gígùn so ó mọ́ orí òpó tó jìnnà díẹ̀.

Àwọn ajíwéré ṣẹ̀ṣẹ̀ kọrin kọjá, tí wọ́n ń jí àwọn aláàwẹ̀ fún sààrì, ni ìmọ́lẹ̀ kọ mànà. Kí n tó já síta, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo ti wà nínú yàrá òkùnkùn. Fótò kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà nínú omi rẹ̀. Etí ìró ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, apẹ̀rẹ̀ tí ọsàn kún inú rẹ̀, àti ọwọ́ obìnrin kan láti òdìkejì ọgbà tó ń gbà á. Lẹ́yìn náà ni ojú yọ. Ìyá mi ni.

Yéè! Ó sì hàn! Ó hàn débi pé mo rí ibi tí wọ́n ti lẹ gèlè wọn. Iṣẹ́ onífótò ni kó fi pẹ́ńsù tẹ́ẹ́rẹ́ tún ojú oníbàárà ṣe lára fíìmù. Mo mú pẹ́ńsù náà, mo ń rò ó bí mo ṣe máa fi pa ojú ìyá mi rẹ́, ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

"Ṣé ó hàn?" Ìyá mi ni.

"Màámi! Ẹ̀yin!"

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ẹ́. Ṣé ó hàn?"

Mo gbé e fún wọn, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Wọ́n wò ó. "Háà! O ò tilẹ̀ jẹ́ kí n wé gèlè mi dáadáa."

Mo lọgun. Mo ní ṣé wọn ò rí i pé ọ̀rẹ́ méjì ti fẹ́ pín yà nítorí wọn ni? Ìyá mi jókòó sórí àga tí àwọn èèyàn fi ń ya fótò.

"Nígbà tí mo bí ẹ tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, ìyàwó Alájì ló fún ẹ lọ́mú. Kò ka iye ìgbà tó fún ẹ. Nísinsìnyí wọ́n ń gba ààwẹ̀ nínú oòrùn yìí, ọsàn wà níwájú wọn, bàbá rẹ ń fi pàṣán kà á. Mo bẹ bàbá rẹ títí, wọ́n ní Jóbẹ̀lẹ́. Ṣé Jóbẹ̀lẹ́ ló fún ẹ lọ́mú?"

Mo ní, "Alájì ńkọ́?"

"Kò mọ nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ ní ọjà lòun ti ń rà á." Ohùn ìyá mi wálẹ̀. "Láti ọjọ́ tí ìjà yìí ti dé ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́, ẹnu mi wúwo. Kámẹ́rà rẹ ti bá mi sọ ọ́. Gbé e fún bàbá rẹ, má fi pẹ́ńsù kàn án."

Bàbá mi ti wọ agbádá, wọ́n ti dé fìlà, mọ́ṣáláṣí ló kù. Mo na fótò náà sí wọn. Wọ́n wọ awò ojú wọn. Wọ́n wò ó. Wọ́n gbé e lọ sójú fèrèsé, wọ́n tún wò ó. Wọ́n wo apá ilé ìdáná, níbi tí ìyá mi dákẹ́ sí bí ẹni tí kò sí nílé.

"Kò hàn," ni wọ́n wí.

"Bàbá, ó hàn kedere…"

"Mo ní kò hàn! Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ níṣẹ́?" Wọ́n ki fótò náà sínú Bíbélì wọn, wọ́n bọ́ agbádá. Fótò òru tó dára jù lọ tí mo yà láyé mi nìyẹn. Mo bínú, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi fúnra wọn já ọsàn Jóbẹ̀lẹ́ sínú abọ́. Wọ́n tú bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú fíláàṣì mi láìtọrọ, wọ́n ní kí n gbé abọ́ tẹ̀ lé àwọn. Nígbà tí Alájì rí wa, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

"Alájì," ni bàbá mi wí, "bátìrì rèé. Ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ ilé wa ni. Mo ṣẹ̀ ọ́, dárí jì mí."

Alájì yíjú padà. Ó wá na ọwọ́, ó gba bátìrì, ó kì í bọ inú rédíò. Bí ìpè ìrun ṣe dún, ó fi ọsàn kan ṣínu, ó mu ún, ó tún mu ún, ó wá dúró.

"Tíṣà, ọsàn yìí mà jọ èyí tí ìyàwó mi ń rà lọ́jà látìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyàwó Alájì wúkọ́. Bàbá mi yí ohùn rédíò sókè díẹ̀.

"Ọjà gidi nìyẹn," ni wọ́n wí. "Sọ fún un, kó má pààrọ̀ oníbàárà."