"Ẹ Má Bínú" Kì Í Ṣe Ìjẹ́wọ́

Mi ò lè wo eré kóòtù mọ́. Tí mo bá ti gbọ́ "Olúwa mi" lẹ́nu agbẹjọ́rò inú tẹlifíṣọ̀n, màá dìde kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n máa ṣe é lọ.

Iléeṣẹ́ ọṣẹ àti ìpara kan ní Oregun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí a ti ń di ọjà sínú páálí. Lọ́sàn-án, abẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri la ti máa ń jẹun, eré kóòtù kan sì wà tí kò sí ẹni tó ń fẹ́ kó kọjá òun. Súpáfáísọ̀ wa ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Bí ọlọ́pàá inú eré bá pe ẹnì kan ní olè, á ju ṣíbí sílẹ̀, á pariwo: "Ẹ̀rí dà? Afurasí ni, kì í ṣe ọ̀daràn! Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà!" A ó pàtẹ́wọ́ fún un. Àwa òmùgọ̀.

Lọ́jọ́ kan, a wá páálí ìpara kan tì. Ìyá kan wà lára wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Àwọn ló jáde gbẹ̀yìn lọ́jọ́ tó ṣáájú, nítorí wọ́n dúró kírun alásàrì. Kò sí ẹ̀rí mìíràn ju ìyẹn lọ. Wọ́n pe ìyá náà sí ọ́fíìsì, wọ́n sì ní kí èmi náà wá jókòó gẹ́gẹ́ bí aṣojú òṣìṣẹ́.

Súpáfáísọ̀ ló fẹ̀sùn kàn wọ́n, òun ló ń béèrè ọ̀rọ̀, òun ló ń kọ ìdáhùn sílẹ̀, òun náà ló fẹ́ dájọ́. Ọ̀gá sìkiọ́rítì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ fóònù.

"Màmá, níbo lẹ gbé páálí yẹn sí?"

"Mi ò gbé nǹkan kan, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ẹni tó ń ṣọ́ sítọ̀, ẹ bi í ohun tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ tó lọ sí sítọ̀ wa ní Agége lánàá."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi níṣẹ́ ni? Ẹ jẹ́wọ́ jàre, àbí kí n pe ọlọ́pàá?"

Ìyá yìí tó bí i lọ́mọ. Àánú wọn ṣe mí, ni mo bá la ẹnu mi tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Mo sọ sí wọn létí pé, "Màmá, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n má bínú. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe."

"Kí ni mo ṣe tí mo fi máa bẹ̀?"

"Ẹ ṣáà bẹ̀ wọ́n, kó lè tán."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wá fi orúnkún tó ń dùn wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

Súpáfáísọ̀ bá gbé bírò. Ó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n sì kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Mo ní, "Wọn ò jẹ́wọ́ o, sà." Ó ní, "Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún?" Ó ti ìwé náà sí mi, ó ní kí n buwọ́ lù ú. Ẹ̀rù iṣẹ́ tèmi bà mí. Mo buwọ́ lù ú.

Ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin yẹn o! Ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ gan-an lè sọ pé "ẹ má bínú" fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá náà nígbà tó fẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Kí ló jí? Wọ́n lé ìyá náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, awakọ̀ gbé páálí náà dé láti sítọ̀ Agége. Wọ́n ti ṣèèṣì kó o mọ́ ọjà. Mo sáré bá súpáfáísọ̀ nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ́wọ́, ìwọ náà sì buwọ́ lù ú." Ó ní kí n kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n, adájọ́ fẹ́ dájọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sílé ìyá náà. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sá aṣọ. Ẹgbẹ́ alásàlátù àdúgbò wọn ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́sálásí tí wọ́n ń tọ́jú lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ olè yẹn kọ́kọ́ tán nílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé a ti rí páálí.

"Alihamudulilahi. Ṣé wọ́n ti fa ìwé yẹn ya?"

Mo ní rárá. Ẹkún gbọ̀n mí, mo kúnlẹ̀ sínú omi aṣọ. "Ẹ má bínú, màmá."

Wọ́n di apá mi mú, wọ́n sì wo ẹnu ọ̀nà.

"Tètè dìde," ni wọ́n wí, "kí ẹnì kan má baà kọ ọ́ sílẹ̀."