Adìẹ Ojú Fèrèsé

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹni tí kò fọkàn tán Monísọ́lá Fámúyìwá ní Ìkẹ́rẹ́, kó má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Christiana ni orúkọ ìyá náà, àkọ́bí ilé Fámúyìwá ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ Monísọ́lá. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ṣe ní ọ́fíìsì káńsù ní Emùré títí ó fi fẹ̀yìn tì, ohun tó sì kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ohun kan ló ń wá. Monísọ́lá sì ń rẹ́rìn-ín púpọ̀. Láti ọjọ́ tí Adéwọlé ti mú un wálé láti Ìsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ni Christiana ti ń ṣọ́ ẹ̀rín yẹn, kò sì tíì rí ìdí rẹ̀.

Ìfura loògùn àgbà, Christiana sì ń lo oògùn náà láàárọ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, Monísọ́lá náà kò jẹ́ kó sinmi. Olùkọ́ ni lójú ayé, àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń kọ́ ní ìwé kíkà, ṣùgbọ́n bó bá ti dé láti ilé-ìwé tó sì ti gbé ìkòkò kaná, á jókòó ti fèrèsé, á máa kọ ìtàn ìfẹ́. Ìwé àkọ́kọ́ tó gbé jáde, Ẹni Tí Mo Rí Ní Gáréèjì, àwọn ọmọbìnrin girama kà á títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fi bọ́. Inú ìwé orin ni wọ́n ń fi pamọ́ sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ akọrin kan ń kà á lọ nígbà ìwàásù, ló bá bú sẹ́kún, gbogbo ìjọ rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e.

Christiana náà kà á. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, ṣùgbọ́n ó kà á, ó sì tún un kà. Ọkùnrin inú ìwé yẹn ló ń wá. Ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Á ní bí olólùfẹ́ òun kò bá tíì jẹun, oúnjẹ kò lè gba ọ̀fun òun kọjá. Adéwọlé tí Christiana pọ̀n dàgbà ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ni, ẹni tó lè ti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kó má sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Níbo wá ni obìnrin yìí ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Gbogbo ọkùnrin tó bá kí Monísọ́lá lójú títì ni Christiana ń fojú wọ̀n: ọ̀gá ilé-ìwé, ẹni tó ń bá a tẹ̀wé ní Adó, títí kan ọlọ́kadà tó ń gbé e lọ sí gáréèjì. Ìwé ń jáde lẹ́yìn ìwé, Christiana ń wá ọkùnrin náà, kò rí i. Nígbà tí Adéwọlé kú, ó wo ojú àwọn ọkùnrin tó wá síbi ìsìnkú lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá á rí ẹni tí yóò wo opó lọ́nà tí kò yẹ. Kò sí.

Ó yẹ ká sọ nǹkan kan nípa orúkọ níhìn-ín. Nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Ẹni tí wọ́n ti bí kí ìyàwó tó wọlé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni. Á wo ojú rẹ̀, á wo ìwà rẹ̀, á wá fún un lórúkọ tirẹ̀. Monísọ́lá wo eyín Christiana tó funfun báláú, ó pè é ní Eyínfúnjowó. Ó wo Caleb, àbúrò wọn tó máa ń ya irun sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni ń lọ ya fọ́tò, ó pè é ní Gbajúmọ̀. Inú ilé ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ará ìta kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Christiana bí. Ṣèyí ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó Christiana tú ká ní Èkó, ó gbé ọmọ náà wá sílé Fámúyìwá, ibẹ̀ ni Monísọ́lá sì bá a. Nítorí náà, ọkọ Monísọ́lá ni Ṣèyí náà, bí kò tilẹ̀ tíì mọ bàtà wọ̀. Ti òsì ló máa ń ki bọ ọ̀tún, á sì yan jáde. Orúkọ tí ìyàwó fún un máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá a lójú ọ̀nà Adó, níbi tó ti ń ti ilé-ìwé bọ̀. Ọ̀fọ̀ ni, a kì í sọ ọ́. Wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, wọ́n kó aṣọ rẹ̀ kúrò nílé, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni Christiana ti ń jókòó sójú fèrèsé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tó ń bi gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé níbo ló ti ń bọ̀. Àwọn ará àdúgbò ní ó fẹ́ràn láti máa tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé àgbà tó gbọ́n ló ń ṣọ́ ilé.

Nígbà tó yá, fóònù gba ọjà lọ́wọ́ ìwé ìfẹ́. Àwọn tí ìyá wọn fi ìwé Monísọ́lá pamọ́ sínú ìwé orin, ojú fóònù làwọn ti ń wo ìfẹ́ tiwọn. Páálí ìwé dùbúlẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eku ń jẹ ẹ́. Àrùn kòrónà wá dé, wọ́n ti ilé-ìwé pa, àwọn ọmọ àdúgbò ń kígbe kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Monísọ́lá ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, opó sì ni. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ Adéwọlé kan bọ ọwọ́, ó rán bọ́tìnì méjì mọ́ ọn bí ojú, ó sì yọ ọwọ́ náà síta láti ojú fèrèsé yàrá iwájú. Ìbọ̀sẹ̀ kí àwọn ọmọ. Ó béèrè pé ta ni kò tíì fọ ẹnu. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, àwọn ọmọ ti kún ìta.

Kónílé-ó-gbélé ti ká Motọ́lání, ọmọ Monísọ́lá tó ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, mọ́ Ìkẹ́rẹ́. Òun ló fi fóònù ká a sílẹ̀, tó gbé e sórí ayélujára. Kò pẹ́ rárá tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Adó fi ránṣẹ́ sí Monísọ́lá. Bí ètò Ojú Fèrèsé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tó ń wáyé lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni Monísọ́lá fi ń ṣe orí àwọn ọmọlangidi rẹ̀, á fi ọ̀bẹ gé e, á fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ń ya fídíò, á kúnlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé kí orí rẹ̀ má bàa hàn, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, gbogbo ohùn yóò máa ti ẹnu òun nìkan jáde. Orókún rẹ̀ á wú. Kò fi ìgbà kan sọ pé ó rẹ òun.

Christiana gbọ́ pé ìbọ̀sẹ̀ àbúrò òun tó ti kú ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé, ó sáré lọ bá pásítọ̀. Pásítọ̀ wá, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ìbọ̀sẹ̀ náà lè wá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Christiana. Láti ìgbà náà ló ti pinnu pé òun fúnra òun ni yóò máa wo ètò yìí, kí òun lè rí ohun tí obìnrin náà ń fi pamọ́.

Kò pẹ́ tó fi rí i. Adìẹ funfun kan yọrí lójú fèrèsé inú tẹlifíṣọ̀n, ó ní eyín. Ta ló rí adìẹ eléyín rí? Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni adìẹ náà ń dá dúró: níbo lo ti ń bọ̀, ta lo lọ kí, ta lo bá pàdé lọ́nà? Nígbà tí ọmọlangidi mìíràn máa pe adìẹ náà, Eyínfúnjowó ló pè é. Òbúkọ kan tó ya irun sí ẹ̀gbẹ́ tún dé, Gbajúmọ̀ ni wọ́n pe ìyẹn. Ara Christiana gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Obìnrin tó ń kúnlẹ̀ kí òun láràárọ̀ ló ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ fún gbogbo ọmọ Èkìtì.

Ohun kan wà tí kò rò. Christiana kò rí ìparí ètò yẹn rí. Ọjọ́ Sátidé náà ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá máa ń ṣe ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun sì ni alága. Bí ètò bá ti dé ìdajì, á ká ìborùn sí èjìká, á jáde. Nígbà mìíràn, bí wọ́n bá ń gbàdúrà lọ́wọ́, wọn á gbọ́ igbe àwọn ọmọdé láti gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà, Christiana á sọ nínú ara rẹ̀ pé wọ́n ti mú iná dé.

Caleb náà ń bínú sí òbúkọ, ó sì ní ìdí mìíràn. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ fi yàrá iwájú ṣí ilé oògùn. Ó bá Christiana sọ ọ́, ó ní yàrá ẹbí ni, kì í ṣe ilé ọmọlangidi. Monísọ́lá kò ní ibòmíràn. Fèrèsé yẹn ni àwọn ọmọ mọ̀, òun náà ni àwọn ará tẹlifíṣọ̀n mọ̀. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ tán nìyẹn. Ọwọ́ Christiana ni ọ̀rọ̀ kù sí, torí ohun tí àkọ́bí bá sọ nílé Fámúyìwá, abẹ gé e. Wọ́n fi ìpàdé ẹbí sí Sátidé. Christiana ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ pé òun kò ní wá.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀. Monísọ́lá ti kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ti mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pe òun. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lọ. Caleb ní kí Motọ́lání pa á, ṣùgbọ́n Christiana ní kó fi í sílẹ̀. Ó fẹ́ fi adìẹ náà ṣe ẹ̀rí.

Wọ́n wò ó. Adìẹ da àwọn èrò láàmú bó ṣe máa ń ṣe. Òbúkọ kọjá. Ètò dé ìdajì, ó kọjá ibi tí Christiana mọ̀. Wọ́n fa aṣọ ofeefee kan sójú ọ̀run, ó fi hàn pé ilẹ̀ ń ṣú, àwọn ọmọlangidi yòókù ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku adìẹ nìkan lójú fèrèsé. Adìẹ kọjú sí àwọn ọmọ tó ń wò ó.

"Ẹ̀yin ọmọ," ló wí, "mi ò fẹ́ mọ ubi tí ẹnikẹ́ni ti í bọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n bá ọmọ mi pàdé lọ́nà ni."

Ọmọlangidi kékeré kan wá yọ láti ẹ̀gbẹ́, ó gbé báàgì ilé-ìwé kọ́ ẹ̀yìn. Bàtà òsì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Adìẹ pè é, ó ní, "Àjíṣefínní, ṣé o ti dé?" Kí ọmọlangidi tó dáhùn, igbe sọ ní gbogbo àdúgbò, láti ilé dé ilé, láti ojú fèrèsé gbogbo ibi tí ọmọdé gbé wà: "Ó ti dé!" Igbe tí Christiana ń gbọ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kì í ṣe iná.

Ní pálọ̀, Caleb ń wo ilẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Christiana ti gbọ́ orúkọ yẹn gbẹ̀yìn.

"Orúkọ tí o fún un nìyẹn," ló sọ.

"Mi ò lè pe orúkọ gidi wọn, ọkọ mi," Monísọ́lá dáhùn. "Wọ́n nílé ṣáájú mi. Èyí tí mo fún wọn náà ni mo ní. Mo rí i pé bí mi ò bá pè é, kò sẹ́ni tó máa pè wọ́n mọ́ nínú ulé yìí."

Bó ṣe ń pe ọmọ tí kò tíì mọ bàtà wọ̀ ní "wọ́n", bí ìyàwó rere ṣe ń pe ọkọ, ló fọ́ Christiana lọ́kàn. Ó sun ẹkún tó ti ń fi pamọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kó aṣọ ọmọ náà lọ. Nígbà tó nu ojú tán, ó béèrè bóyá òun ni adìẹ yẹn ní tòótọ́. Monísọ́lá kò purọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, tiwọn sì ni eyín náà. Christiana wá béèrè ọkùnrin inú ìwé, níwọ̀n ìgbà tí ẹnu ti là. Monísọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ọkùnrin kankan. Bí ó bá jẹ́ pé Adéwọlé sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kí ni òun ì bá máa dá ara òun láàmú kọ ọ́ sí? Ohun tí wọn kì í sọ nílé yìí ni òun ń kọ. Christiana wò ó títí, bóyá irọ́ wà nínú ẹ̀rín náà. Ó ṣì ń fura díẹ̀, ìwà kì í kúrò lára èèyàn lọ́jọ́ kan.

Ó yíjú sí Caleb, ó ní kó lọ wá ibòmíràn fún onílé oògùn.

Nígbà tí àwọn ará tẹlifíṣọ̀n tún dé láti ya fídíò, Christiana wọ yàrá iwájú, ó ní ohùn tí ìyàwó ń fún adìẹ kò jọ tòun rárá, òun ni yóò máa sọ ọ́ fúnra òun. Monísọ́lá bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó lórí àpótí, torí ọkọ kì í kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó. Christiana kò gbà, ó kúnlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ adìẹ, ó da àwọn èrò láàmú bí ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ iṣẹ́ náà, àwọn ọmọ tó pé jọ síta sì ń rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ṣú nínú eré. Ọmọlangidi kékeré yọ lórí ọwọ́ Monísọ́lá, ó dúró, ó ń retí kí wọ́n pe òun.

Christiana ṣì ń wo bàtà òsì tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Monísọ́lá kò ràn án lọ́wọ́, ó kàn ń dúró, apá rẹ̀ lókè. Lẹ́yìn náà ni adìẹ na ọrùn síta fèrèsé, ó sì pe orúkọ tí ìyàwó kò lè pè.

"Ṣèyí, ṣé o ti dé?"

Àwọn ọmọ tó wà níta kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ṣèyí. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ èsì rẹ̀, gbogbo wọn sì pariwo rẹ̀ pọ̀: "Ó ti dé!"