Páálí Ló Sọnù, Kì Í Ṣe Nọ́ńbà

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Bódìjà. Lọ́dọọdún ni mo máa ń sọ fún wọn pé ojú kì í rí nọ́ńbà, àmì rẹ̀ nìkan là ń kọ sójú pátákó. Bí mo bá fi dọ́sítà nu méjì kúrò, méjì ò kú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ojú ọ̀tún ń dun màmá mi, ni wọ́n bá wá bá mi láti Ṣakí. Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Ring Road. Obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún wọn ní páálí pélébé kan tí wọ́n kọ 14 sí. Màmá ki páálí náà bọ etí ìró wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa tilé ìtọ̀ dé, ó ti bọ́. A wá a títí, a ò rí i.

Wọ́n pe kẹtàlá, bàbá kan wọlé. Nígbà tó jáde, màmá mi dìde.

“Páálí yín dà?” Obìnrin ẹnu ọ̀nà ló bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

“Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Èmi ni kẹrìnlá.”

“Ẹ ò ní páálí, ẹ ò ní nọ́ńbà nìyẹn. Ẹ lọ sẹ́yìn.”

Arábìnrin tó mú kẹẹ̀ẹ́dógún dá sí i: “Màmá yìí ló ṣíwájú mi. Gbogbo wa la rí wọn.”

“Páálí ni mo mọ̀.”

Mo ya páálí bisikíìtì kan tó wà nílẹ̀, mo kọ 14 gàdàgbà sí i, mo nà án sí obìnrin náà. Ó fà á ya lójú mi. “Ẹ̀yin lẹ kọ èyí. Kì í ṣe tiwa.”

“Ta wá ló ni kẹrìnlá? Ṣé ẹ̀yin lẹ dá a?” Mo pariwo débi pé ẹ̀ṣọ́ wá dúró tì mí. Màmá fa ṣẹ́ẹ̀tì mi.

“Jókòó. Kíláàsì rẹ kọ́ nìyí.”

Wọ́n fún wọn ní 39. Ẹni kẹrìndínlógójì ni dókítà wò kẹ́yìn kó tó lọ sílé. Màmá ń fi etí gèlè nu omi ojú títí a fi délé.

Lọ́jọ́ kejì, àwa la kọ́kọ́ wọlé. Dókítà tan iná sí ojú náà, ó mi orí. “Ẹ̀yin náà, ó yẹ kẹ́ ẹ ti gbé wọn wá láná.”

Mo tẹjú mọ́ páálí tí wọ́n kọ 1 sí lọ́wọ́ màmá. Mo ń bẹ̀rù ohun tó máa tẹnu mi jáde.